Ẹ Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ̀ Kí Ẹ Tó Gùn: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ijó Orí Òpó

Ọmọ ọdún 36 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan òpó, nínú yàrá ijó kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran. N kò lè gbé ara mi kúrò nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ọdún keje rèé, èmi náà ni mo ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ohun tí gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìgbà wo la máa dorí kodò?" Kò tíì sẹ́ni tó bi mí pé báwo la ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìgboyà ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí òun máa gbà sọ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ lókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ara rẹ̀ á le gbagidi, ojú rẹ̀ á sì máa wá ilẹ̀ kiri, òǹwòran á sì rí i kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ẹ máa gbọ́ pé ijó àwọn aṣẹ́wó ni. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé mo ń gun òpó, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Òpó iná, àbí òpó wo?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Àwọn obìnrin tó ń jó ní ilé ọtí alẹ́ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ló dá púpọ̀ nínú ohun tí à ń kọ́ lónìí sílẹ̀, n kò sì ní torí ìtìjú fi wọ́n pamọ́. Ohun tí wọ́n gbìn là ń ká. Fawnia Mondey, ọmọ Kánádà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wá sí kíláàsì ní àwọn ọdún 1990. Àmọ́ gígun òpó fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́. Àwọn ará Íńdíà ní mallakhamb, eré àwọn ajìjàkadì lórí òpó igi tí wọ́n fi òróró lárà pa. Àwọn eléré sákọ́ọ̀sì ní Ṣáínà náà ń gun òpó tí wọ́n fi rọ́bà wé. Ní 2009 ni Katie Coates dá International Pole Sports Federation, àjọ àgbáyé fún eré orí òpó, sílẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá 2017, GAISF tó kó àwọn àjọ eré ìdárayá àgbáyé jọ nígbà náà fún wọn ní ipò olùwòye. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe eré ìdárayá, àyè wà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bàtà gíga kó máa yí ìbàdí, àyè wà. Ẹ mú èyí tó wù yín, ẹ má sì fi ti ẹnì kejì bú u.

Ibi tí ẹ máa ti kọ́ ọ

Kíláàsì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe fídíò. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ á béèrè nípa ìlera yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí kò bá béèrè, ẹ̀yin ẹ sọ fún un: bí ẹ bá lóyún, bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí èjìká yín bá ti yẹ̀ rí, bí ẹ bá ní gilákómà, àìsàn ojú. Dídorí kodò máa ń mú kí agbára tó ń ti ojú láti inú pọ̀ sí i, gilákómà sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ìdílé yín, ẹ lọ yẹ ojú wò kí ẹ tó dé ìpele yẹn. Ẹ wò ó bóyá fóòmù tó nípọn wà tí wọ́n ń tẹ́ sí ìdí òpó, kí ẹ sì wo iye ènìyàn tó ń pín òpó kan. Méjì dáa. Bí ẹ bá ti di mẹ́rin lórí òpó kan, owó ìjókòó lẹ̀ ń san.

Ẹni tó bá fẹ́ ra òpó sílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo òkè orí rẹ̀. Òpó tí kò ní skrúù, títẹ̀ ló fi ń dúró: ó ń ti àjà sókè, ó sì ń tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní púpọ̀ nínú ilé wa ní Nàìjíríà, POP tàbí sílíìnì tí wọ́n kàn mọ́ pákó ló wà lókè, páànù ló sì tẹ̀ lé e. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí òpó lè rí tì. Ẹ kàn máa gbá POP lulẹ̀ sórí ara yín ni. Yàrá ìsàlẹ̀ nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní dẹ́kìn ló ṣeé ṣe, ìyẹn bí kò bá sí POP láàárín dẹ́kìn àti orí òpó. Ní ilé Lọ́ńdọ̀nù, igi ńlá tó gba inú àjà kọjá ni kí ẹ wá, kí ẹ gbé e sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Irin kọ́tìnnì, òpó géètì, páìpù omi: rárá o.

Ní ti ìwọ̀n, òpó 45 mm ni wọ́n ń lò jù báyìí, òun náà ni wọ́n ń lò níbi ìdíje. Èyí tó jẹ́ 50 mm ṣì wà káàkiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré kì í fẹ́ràn rẹ̀. Kúróòmù ló wọ́pọ̀. Bí níkẹ́ẹ̀lì inú yẹtí olówó pọ́ọ́kú bá máa ń mú etí yín yún, ẹ ra irin tí kì í dípẹtà dípò rẹ̀. Idẹ máa ń di ara mú dáadáa níbi tí ooru bá wà, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtọ́jú.

Awọ ara yín ni igbà yín

Adẹ́mu tó ń gun ọ̀pẹ ní igbà tó ń gbé e dúró. Ẹ̀yin, awọ ara yín ló ń ṣe iṣẹ́ igbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ ṣòkòtò péńpé. Aṣọ máa ń yọ̀ lára irin, awọ itan àti ẹ̀yìn orúnkún ló ń dì í mú. Nítorí náà, òrí, vaseline àti òróró àgbọn kò gbọ́dọ̀ kan ara yín lọ́jọ́ kíláàsì. Mo mọ̀ pé lójú ọmọ Yorùbá, kéèyàn jáde nílé láìpara dà bí ìgbà tó jáde ní ìhòòhò. Ẹ fara dà á. Ẹ pa á nígbà tí ẹ bá padà délé.

Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ sì bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Mo gbàgbé láti bọ́ tèmi ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Bí mo ṣe yí báyìí, ó kọ́ òpó, ó já, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Obìnrin mọ́kànlá ló bá mi wólẹ̀ ṣà á, mo sì ní láti máa ṣàlàyé ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún wọn títí kíláàsì fi parí. Olùkọ́ kò bínú, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó ń balẹ̀ láti òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ fi spírítì àti aṣọ mímọ́ nu òpó kí ẹ tó gùn ún, ẹ nù ún lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀. Bí ọwọ́ yín bá máa ń làágùn, ṣọ́ọ̀kì olómi wà tí wọ́n ń fi pa á, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó di òpó mú. Ní Èkó nígbà òjò, òógùn ni ọ̀tá. Ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kìn-ín-ní, òtútù ni: irin á tutù bíi yìnyín, awọ yín á gbẹ, ẹ ò sì ní lè dì í mú. Ẹ máa fi ọwọ́ àti itan ra á títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Kí ẹ tó kúrò nílẹ̀

Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 mú ara gbóná, ọrùn ọwọ́, èjìká àti ìbàdí ni kí ẹ sì tẹnu mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di òpó mú lókè orí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ kí ìwọ̀n ara yín bọ́ sọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí èjìká gòkè dé etí, kí ẹ wá fà á sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ ìgúnpá. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́jọ. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Èjìká tó bá ń fẹnu ko etí nígbà tí ẹ bá rọ̀ mọ́ òpó ni èjìká tó máa dá yín dúró sílé fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ rìn yí òpó ká. Ọwọ́ inú ga, apá nà tán, ara jìnnà sí òpó. Orí ìka ẹsẹ̀ lẹ fi ń tẹlẹ̀, ẹsẹ̀ òde ń gba ẹ̀gbẹ́ wá síwájú ní gbọọrọ. Ẹ rìn ín títí ojú ò fi ní máa tì yín mọ́. Ìrìn yìí ló máa gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, mo máa sọ bó ṣe gba èmi sílẹ̀.

Yíyí àkọ́kọ́

Orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń pe àwọn ijó yìí ní gbogbo kíláàsì, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa pè é kí ẹ lè mọ̀ ọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ. Fireman spin la fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dúró kí òpó wà ní ọ̀tún yín. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún lókè orí bí ẹni fẹ́ já máńgòrò, kí ẹ fi di òpó mú. Ọwọ́ òsì wà ní ìwọ̀n àyà, ó ń ti òpó díẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òpó, ẹ gbá ẹsẹ̀ òsì yíká bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ gbálẹ̀. Bí ẹsẹ̀ òsì bá ti yí dé iwájú, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ta díẹ̀, kí orúnkún méjèèjì pàdé kí wọ́n sì há òpó mọ́ àárín. Ẹ ti ń yí nìyẹn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni fífò kí ọwọ́ tó gba ara. Ọwọ́ òkè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹrù, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Fífò gan-an kéré, ẹ ò fo odò. Èyí tó tún pọ̀ ni kí ẹni náà balẹ̀ lórí orúnkún gbì! Kí ẹ tó ṣe yíyí náà lẹ́ẹ̀mejì, bíbalẹ̀ ni kí ẹ kọ́: ẹ tú orúnkún, ẹ fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ dìde pẹ̀lú ọwọ́ lára òpó. Ìgbà mẹ́wàá. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, torí pé ibi tí ẹ balẹ̀ sí ni ojú òǹwòran máa ń bá yín.

Chair spin kò yàtọ̀ púpọ̀: ọwọ́ wà bákan náà, ṣùgbọ́n orúnkún méjèèjì ká jọ níwájú bí ẹni jókòó sórí àpótí, wọn kò sì fara kan òpó. Ọwọ́ nìkan ló ń gbé yín, nítorí náà ó le díẹ̀ sí i.

Gbogbo ohun tí ẹ bá fi ọ̀tún ṣe, ẹ fi òsì ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ kórìíra ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí agbára ṣì wà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì àkọ́kọ́, apá ọ̀tún mi wá ki ju tòsì lọ débi pé télọ̀ tó ń rán bùbá fún mi béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

Òpó oríṣi méjì ló wà: èyí tó dúró sójú kan tí ẹ̀ ń yí i ká, àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń yí. Èyí tó dúró ni kí ẹ fi kọ́. Lórí èyí tó ń yí, bí ẹ bá ká ara jọ, ẹ máa yára. Bí ẹ bá na apá tàbí ẹsẹ̀ síta, ẹ máa rọra. Òòyì máa kọ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má jẹun yó kí ẹ tó wá.

Gígùn, tàbí kí n sọ pé sísọ̀

Ẹ dojú kọ òpó. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ojúgun gba òpó kọjá ní ìdábùú, kí ẹ ká ọrùn ẹsẹ̀ kó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ òpó bí ìwọ̀. Ẹsẹ̀ òsì wá gba ẹ̀yìn, ó fi òpó há sáàárín òun àti ojúgun ọ̀tún. Ẹ fún un. Ẹ nà dìde lórí ẹsẹ̀ yẹn, bí ẹni dìde lórí àga, kí ọwọ́ wá lọ sókè. Ẹsẹ̀ ló ń gùn, ọwọ́ kàn ń dáàbò bò ni. Ẹni tó bá fi ọwọ́ nìkan gùn ún, ìṣẹ́ ló ń ṣe ara rẹ̀.

Ìlànà tèmi: ẹ gun ẹ̀ẹ̀kan, ẹ sọ̀. Ẹ má gun ẹ̀ẹ̀kejì àfi ìgbà tí ẹ bá lè sọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan láìyára. Láti sọ̀, ẹ mú ọwọ́ kan wá sílẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, ẹ wá tú ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ fún un padà. Ẹ má jẹ́ kí ara yọ̀ wálẹ̀ ṣìẹ̀. Irin máa ń jó awọ itan bí iná, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tètè jiná.

Pole sit ló kàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún, ẹ gbé itan méjèèjì síwájú, ẹ fi ọ̀kan dábùú èkejì, kí itan òkè gbá òpó mọ́ra, kí ẹ wá fi ìdí sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni jókòó. Yóò dunni, n kò ní tàn yín. Inú itan ò mọ irú ìyà yìí rí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lónìí, márùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ara tó wú tó sì dúdú níbẹ̀ kò léwu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lára àwa dúdú, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára kí ẹ tó rí i. Èyí tó léwu ni kí ọwọ́ kú tipiri, kí ìka máa ta yín ṣínṣín, tàbí kí ìrora mú yín nínú oríkèé. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ sọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ìjókòó bá ti dúró, ẹ tú ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ọjọ́ tí ọwọ́ méjèèjì bá kúrò lára òpó tí ẹ ò sì já bọ́, ẹ máa pariwo. Gbogbo ènìyàn ló ń pariwo.

Ẹ wá bi mí: dídorí kodò ńkọ́? Invert, bí wọ́n ṣe ń pè é, kò ní sá lọ. Kí ẹ tó gbìyànjú ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè gun òpó lẹ́ẹ̀mẹta láìsinmi, kí ẹ sì lè rọ̀ mọ́ ọn tí orúnkún ká dé àyà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Fóòmù gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ yín pẹ̀lú ọwọ́ níbi ìbàdí yín. Iṣan ikùn ló ń gbé ìdí sókè, kì í ṣe títa ẹsẹ̀. Àwọn tó ń tasẹ̀ bí ẹni ta bọ́ọ̀lù ni ọwọ́ wọn ń bọ́. Oṣù mọ́kànlá ni ó gbà mí. Ẹnì kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ṣe é lọ́sẹ̀ kẹfà, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ wàhálà lọ́sẹ̀ kẹjọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó fún ọdún àkọ́kọ́, kí ọjọ́ méjì wà láàárín wọn.

Ojú àwọn ènìyàn

Ijó tí ẹ máa fi han àwọn ènìyàn kò gbọ́dọ̀ ní ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nínú. Ohun tí ẹ lè ṣe nígbà tó bá ti rẹ̀ yín, tí ẹ̀rù ń bà yín, tí ọwọ́ ń làágùn, òun ni kí ẹ kó lọ sórí ìtàgé. Ó máa ń dun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí mo bá sọ pé kí wọ́n yọ èyí tó lẹ́wà jù nínú ijó wọn kúrò. Mo ṣì máa ń sọ ọ́.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, orin ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó. Ẹ mú nǹkan mẹ́ta péré lórí òpó, kí ìyókù jẹ́ ìrìn àti ijó ilẹ̀. Ibi ijó ilẹ̀ yìí ni àwa ti ní ohun tí a bí mọ́ wa. Ní kíláàsì, wọ́n á máa ní kí ẹ nà, kí ẹ nà, ìka ẹsẹ̀ ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀. Ijó tiwa kì í sá fún ilẹ̀: orúnkún á tẹ̀, ìdí á sọ̀ kalẹ̀, èjìká á máa dá ìlù lóhùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ro èyí sí àléébù, títí mo fi jó sí apàlà lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Gbogbo ibi tí mo ti máa ń wá ohun tí màá ṣe láàárín yíyí kan sí èkejì, ìdí àti èjìká mi ti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbọ́ orin náà títí ẹ ó fi mọ ibi tí ìlù ti ń sinmi, kí ẹ fi ìdúró yín síbẹ̀.

Ẹ kọ ijó náà sórí ìwé, kí ẹ kọ ọ̀nà àbáyọ méjì sí iwájú ohun kọ̀ọ̀kan: bí ẹ ṣe máa jáde bó bá lọ dáadáa, àti bí ẹ ṣe máa jáde bí ọwọ́ bá yọ̀. Bí pole sit bá kọ̀, ẹ sọ̀ sínú fireman. Bí fireman bá kọ̀, ẹ rìn. Ẹ máa fi àwọn ọ̀nà kejì yìí dánra wò pẹ̀lú, kí wọ́n má bàa ṣàjèjì sí yín lọ́jọ́ náà.

Ẹ ká ara yín sórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wò ó ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe lójú ẹsẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ikùn yín nìkan lẹ máa rí. Ẹ yí ẹ̀yìn sí dígí. Ẹ jó fún ọ̀rẹ́ kan, lẹ́yìn náà fún mẹ́ta, kí ẹ tó jó fún yàrá. Aṣọ àti bàtà ọjọ́ náà ni kí ẹ wọ̀ dánra wò, torí bàtà gíga ínṣì 8 ní pátákó ínṣì 4 lábẹ́, ó sì ń yí bí ẹsẹ̀ ṣe ń di òpó mú padà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ínṣì 6 wà.

Ẹni tí ẹ máa sọ fún nílé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì kọjá kí n tó fi fídíò han ìyá mi, wọ́n sì wò ó tán, wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣé ó ń jẹun?" Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn olùṣètò ṣáájú bóyá ẹ fẹ́ kí àwòrán yín jáde tàbí ẹ kò fẹ́.

Ìjókòó bí ọgbọ̀n ló wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jó níwájú ènìyàn. Ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, gbogbo rẹ̀ pa rẹ́ lórí mi, n kò rántí ohun tó kàn. Mo di òpó mú, mo sì rìn. Mo rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, mò ń wo àwọn ènìyàn lójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí orin fi dé ibi tí mo mọ̀. Nígbà tí a parí, ẹni mẹ́rin ló wá sọ fún mi pé ìrìn yẹn ló dùn mọ́ wọn jù. N kò sọ òótọ́ fún wọn.

Lọ́jọ́ náà, ẹ pa ṣọ́ọ̀kì sọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, torí ìbẹ̀rù ń mú ọwọ́ làágùn ju iṣẹ́ lọ. Ẹ mí jáde gùn ju bí ẹ ṣe mí wọlé lọ, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ yan ojú mẹ́ta nínú àwọn òǹwòran, òsì, àárín, ọ̀tún, kí ẹ máa padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹ di ìdúró ìparí mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, bó tilẹ̀ ń ṣe yín bíi kí ẹ sá. Kí ẹ tó lọ, ẹ nu òpó fún ẹni tó kàn. Ní ọjọ́ kejì, apá yín ò ní lè yí ìdérí ìgò, kí a má tíì sọ pé ọmọrogùn. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín ro àmàlà.